Odò Ọ̀ṣun tó ń pọ́n wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú: ta la máa kọ lẹ́tà sí?

Ọmọ Alárè:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn wa, dede wa pátá. Mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá sí. Ẹgbẹ́ ìlú wa ṣèpàdé lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn apẹja tó ń dẹ àwọ̀n sínú odò Ọ̀ṣun níbi tó ti ń gba ọ̀dọ̀ wa lọ sí Ẹ̀pẹ́ wá fẹjọ́ sùn. Wọ́n ní omi ò rí bó ṣe ń rí mọ́. Tẹ́lẹ̀, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, omi á mọ́ débi téèyàn á máa rí yanrìn nísàlẹ̀, ní báyìí ẹ̀ẹ̀rùn ni o, òjò ni o, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Tí wọ́n bá fa àwọ̀n sókè, ẹrẹ̀ kan tó ki tó sì ń yọ̀ á ti lẹ̀ mọ́ gbogbo ojú ẹ̀, wọ́n á jókòó sétí odò máa fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọṣọ ha á kúrò kí wọ́n tó lè tún un dẹ. Ìyá kan tó ń ta ẹja yíyan lọ́jà Òkè-Ajé ní àwọn kọ́sítọ́mà ti ń bi òun pé ṣé ẹja odò ni àbí ti póńdì, tó bá ní ti odò ni, wọ́n á rọra gbé e sílẹ̀ wọ́n á bá tiwọn lọ. Ẹja odò tá a máa ń fi yangàn tẹ́lẹ̀ o!

Èmi ni wọ́n wá ní kí n kọ lẹ́tà, ibẹ̀ ni mo ti dúró. Ta ni kí n kọ ọ́ sí? Ìjọba tiwa l'Abẹ́òkúta kọ́ ló ń da omi rú. Ìjọba Òṣogbo ò mọ̀ wá rí, a ò dìbò fún wọn. Èkó wà nísàlẹ̀ wa, bóyá àwọn gan-an ló yẹ kó máa bá wa jà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ṣágámù Bọ́ì:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ ọ́ sí Yèyé Ọ̀ṣun fúnra ẹ̀ 😂 ṣebí òun ló lomi.

Ká fi àwàdà sílẹ̀, Àbùjá ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí. Àwọn tó ń wa góòlù lápá Iléṣà ló ń da omi yẹn rú, gbogbo ayé ló mọ̀, gómìnà kankan ò sì lè fún èèyàn ní láísẹ́ǹsì góòlù, ìjọba àpapọ̀ nìkan ni.

Tísà Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tí odò yìí ń gbà ná, torí mo rí i pé ọ̀pọ̀ wa rò pé Òṣogbo ló ti ṣẹ̀. Rárá o. Apá Ìgèdè-Èkìtì ló ti ń bọ̀. Ó wọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ó gba ẹ̀gbẹ́ igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo kọjá, èyí tí UNESCO kọ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, ó dé Aṣẹ́jìre níbi tí wọ́n ti sé e kí Ìbàdàn lè rí omi ẹ̀rọ, ẹ̀yìn ìyẹn ló wá kọrí sí gúúsù, wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, gba abẹ́ títì Benin kọjá, títí tó fi já sínú ọ̀sà Lẹ́kì lápá Ẹ̀pẹ́. Èkìtì, Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́, Ògùn, Èkó. Ìpínlẹ̀ márùn-ún, odò kan.

Bí wọ́n ṣe ń wa góòlù yẹn, wọ́n á wú ilẹ̀ etí odò, wọ́n á fi omi fọ iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀, ẹrẹ̀ á padà sódò. Àwọn kan á tún da mẹ́kúrì, kẹ́míkà olóró kan, sí i kí góòlù lè dì mọ́ra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa méjèèjì pọ̀ o. Ẹrẹ̀ lẹ̀ ń fojú rí, mẹ́kúrì ò ṣeé fojú rí. Omi lè tòrò padà kí mẹ́kúrì ṣì wà nínú ẹja, torí kì í parẹ́, ẹja kékeré á jẹ ẹ́, ẹja ńlá á jẹ ẹja kékeré, àwa á wá lọ ra ẹja ńlá torí pé òun ló lẹ́ran lára.

Ní 2022 tí ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo ń sún mọ́lé, ìjọba ìpínlẹ̀ ọ̀hún fúnra ẹ̀ kìlọ̀ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n má mu omi odò náà. Wọ́n kìlọ̀ fún ẹni tó lọ ṣọdún. Ẹni tó ń pọn ọ́n lójoojúmọ́ nísàlẹ̀ ńkọ́?

Lọ́yà Ìmùṣin:
Ṣágámù Bọ́ì gbé e síbi tó yẹ kó gbé e sí lórí góòlù, ṣùgbọ́n odò náà ní ẹjọ́ tiẹ̀. Nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999, níbi tí wọ́n to àwọn nǹkan tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ nìkan sí, nọ́ńbà 39 ni ohun àlùmọ́nì, nọ́ńbà 64 sì ni omi tó bá wá láti orísun tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin àpapọ̀ bá kéde pé ó kan ju ìpínlẹ̀ kan lọ. Ọwọ́ kan náà ni góòlù àtodò wà.

Ẹ ò wá ní láti wọ mọ́tò lọ Àbùjá torí ẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ní àjọ tó ń bójú tó odò Ògùn àti Ọ̀ṣun, Ogun-Osun River Basin, láti 1976 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, Abẹ́òkúta níbí sì ni olú ọ́fíìsì wọn wà. Ògùn, Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́ àti Èkó ló wà lábẹ́ wọn. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé lẹ́tà lọ.

Tísà Ìjẹ̀bú-Igbó:
@Lọ́yà, ẹ ṣé. Ẹ wá ka àwọn ìpínlẹ̀ tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Èkìtì ò sí níbẹ̀! Abẹ́ àjọ odò míì, Benin-Owena, ni Èkìtì wà. Orí odò wà lọ́wọ́ àjọ kan, ìrù ẹ̀ wà lọ́wọ́ àjọ míì.

Lọ́yà Ìmùṣin:
😀 Tísà, ẹ ò ní pa wá. Òótọ́ ni.

Ayékòótọ́:
Lẹ́tà, lẹ́tà, lẹ́tà. Ẹ̀yin Ìjẹ̀bú ẹ ò ní sú. Kí lẹ́tà fẹ́ ṣe? Wọ́n á gbà á, wọ́n á fi òǹtẹ̀ lù ú, wọ́n á fi sábẹ́ fáìlì. Tí ẹ bá wá pariwo gan-an, àwọn gómìnà á pàdé ní hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n á wọ agbádá, wọ́n á fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, fọ́tò á jáde, ó parí. Ṣebí Èkó àti Ògùn fọwọ́ sí ìwé lórí ìdàgbàsókè àjọṣe ní 2021. Ẹ lọ bi àwọn ará Ìṣẹrì, tí odò Ògùn máa ń ya wọlé wọn, bóyá omi gbọ́ pé wọ́n ti fọwọ́ síwèé.

Ìyá Ìbejì Ìkòròdú:
Ẹ má fomi ṣe yẹ̀yẹ́ jàre. Ọmọ Rẹ́mọ ni mí, ilé ọkọ ló gbé mi dé apá Ajégúnlẹ̀ ní Ìkòròdú, odò Ògùn sì wà lẹ́yìn ilé wa. Ọdún tí omi wọlé wa, alẹ́ ló dé, kò pariwo, mo sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì ni ẹsẹ̀ mi balẹ̀ sínú omi. A gbé fíríìjì lé búlọ́ọ̀kù, omi gùn ún. A gbé ẹrù sórí tábìlì, omi gùn ún. Nígbà tó yá àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ló ń gbé wa láti ẹnu ọ̀nà lọ sí títì, wọ́n sì ń gbowó o, lílọ lọ́tọ̀ bíbọ̀ lọ́tọ̀. Mo wá gbọ́ lórí rédíò, lẹ́yìn tó ti ṣẹlẹ̀, pé wọ́n ti kìlọ̀. Ta ni wọ́n kìlọ̀ fún? Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn, ta ni wọ́n kìlọ̀ fún gan-an?

Ọmọ Alárè:
Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rírú ẹ̀ mọ́.

Tísà Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ìyá Ìbejì, ẹ kú àfaradà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ nípa odò tiyín yẹn, torí ó wúlò fún lẹ́tà tá a fẹ́ kọ.

Ìdídò Ọ̀yán, ìyẹn dáàmù tó ń sé omi tó ń ṣàn wọ odò Ògùn, wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, Shagari ló ṣí i ní 1983. Omi tó lè gbà tó mílíọ̀nù 270 mítà oníhà mẹ́ta. Wọ́n kọ́ ọ kí Abẹ́òkúta àti Èkó lè rí omi, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ mẹ́ta sí i tó yẹ kó fún wa ní iná mẹ́gáwáàtì mẹ́sàn-án, iná tá a ò rí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìyẹn tún ọ̀rọ̀ míì. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ẹni tó ń ṣọ́ ìdídò fẹ́ kó kún kí omi lè tó lò ní ẹ̀ẹ̀rùn. Tó bá ti wá kún dénu ní oṣù kẹsàn-án, tí òjò ò sì dáwọ́ dúró, kò sí ọgbọ́n míì ju kó ṣílẹ̀kùn lọ, torí tí ògiri ẹ̀ bá ya, ó burú jùyẹn lọ. Lásìkò yẹn náà ni odò Ògùn fúnra ẹ̀ ti kún, ọ̀sà Èkó náà á ti wú, omi ò ríbi gbà jáde. Àwọn tó wà láàárín, Ìṣẹrì, Ajégúnlẹ̀, Àgbòyí, àwọn ló máa gbé e jẹ.

Wọ́n ń kìlọ̀ o, ká sọ tòótọ́. Àjọ odò tí Lọ́yà dárúkọ lẹ́ẹ̀kan máa ń sọ fún Èkó iye omi tí wọ́n fẹ́ tú lóṣooṣù, Èkó náà á gbé e sórí rédíò pé káwọn ará ibẹ̀ kó kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi dáadáa: ìkìlọ̀ nìyẹn, kì í ṣe àjọṣe. Àjọṣe ni pé kí ẹni ìsàlẹ̀ ní àga nínú yàrá tí wọ́n ti ń pinnu iye tí wọ́n máa tú àti oṣù tí wọ́n máa tú u. Tí ará Ajégúnlẹ̀ bá jókòó níbẹ̀ ní oṣù kẹfà, ó lè sọ pé ẹ tú díẹ̀díẹ̀ láti ìsinsìnyí. Ní oṣù kẹwàá, ó ti bọ́.

Ayékòótọ́:
Hmm. Ibi tẹ́ ẹ gbé e gbà yẹn dáa.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Cologne:
Ẹ káàárọ̀ o, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ lọ́dọ̀ tiwa ni. Mò ń ka ọ̀rọ̀ yín látàná. Odò Rhine ń gba àárín ìlú tí mò ń gbé ní Jámánì níbí kọjá, ìtàn ẹ̀ sì fẹ́ bá tiwa mu ju bí mo ṣe rò lọ.

Switzerland ló wà lókè, Faransé àti Jámánì tẹ̀ lé e, Hóláǹdì ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, tí gbogbo ìdọ̀tí ń dé bá. Láti 1950 ni wọ́n ti ní ìgbìmọ̀ tí gbogbo wọn jọ ń jókòó nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n fún ọdún tó pọ̀, ìjókòó lásán ni, bí Ayékòótọ́ ṣe wí. Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 1986 ni iná wá sọ ní ilé ìkẹ́rù ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kan nítòsí Basel ní Switzerland. Omi tí wọ́n fi pa iná kó oògùn apakòkòrò sínú odò, odò pọ́n fòò nítorí àwọ̀ tó wà láàárín ẹrù yẹn, ẹja tó dà bí ejò tí wọ́n ń pè ní eel kú lọ jàntirẹrẹ, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ omi nísàlẹ̀ ní láti ti ẹ̀rọ pa. Àwọn ará ìsàlẹ̀ bínú pé wọn ò tètè pe àwọn.

Ọdún kejì, 1987, gbogbo wọn gbà láti ṣiṣẹ́ lórí ètò kan, wọn ò kọ ọ̀rọ̀ gígùn, wọ́n ní tó bá fi máa di ọdún 2000 kí ẹja salmon ti padà sínú odò náà. Ẹja! Ohun tí apẹja lè fojú rí. Wọ́n tún kọ́ ibùdó ìyẹ̀wòmi kan sí Weil am Rhein, ní ibi tí odò ti ń kúrò ní Switzerland wọ Jámánì gẹ́lẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1993, àwọn Switzerland àti ìpínlẹ̀ Jámánì tó wà níbẹ̀ ló jọ ń sanwó ẹ̀. Tí nǹkan bá wọ omi, wọ́n á pe gbogbo ẹni tó wà nísàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè ní irọ́ ni ẹ̀ ń pa, torí ẹ̀rọ kan náà ni àwọn méjèèjì jọ ni.

Ṣágámù Bọ́ì:
Ẹ wá wò ó, wọ́n jọ ra ẹ̀rọ kan! Àwa tí àdúgbò méjì ò lè jọ ra tíráńsífọ́mà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Cologne:
Ó kù. Ṣáájú ìgbà yẹn, àwọn tó ń wa ohun àlùmọ́nì potash ní apá Alsace ní Faransé ń da iyọ̀ sódò, tọ́ọ̀nù tọ́ọ̀nù. Àwọn ará Hóláǹdì ń fomi yẹn bomi rin oko òdòdó wọn, iyọ̀ ń pa á. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ yẹn fún ọdún gbọọrọ. Ní 1976 wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn pé kí Faransé dín iyọ̀ kù, owó tí wọ́n máa ná sí i, gbogbo wọn á jọ san án: Faransé 30 nínú ọgọ́rùn-ún, Jámánì 30, Switzerland 6, Hóláǹdì 34. Ẹ tún un kà o. Ẹni tí wọ́n ń da iyọ̀ sí lára ló san èyí tó pọ̀ jù.

Ẹlẹ́ja Olúwo:
Kí ni mò ń kà yìí??? Ọjà ẹja Olúwo l'Ẹ̀pẹ́ ni mo wà, mo dúró ti ọpọ́n ẹja mi. Kí n sanwó fún ẹni tó ń da ìdọ̀tí sómi mi kó tó lè jọ̀wọ́ dá a dúró? Ẹ̀gbọ́n Cologne, ẹ má bínú, òyìnbó ló mọ̀ ọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, n'Ìjẹ̀bú níbí kò ṣeé sọ létí ìyálọ́jà.

Ayékòótọ́:
Ìdájọ́ òdodo ti kú sọ́wọ́ òyìnbó. Kí olè wọlé mi kí n tún fún un lówó mọ́tò.

Alájọ Ìpẹru:
Ẹ fara balẹ̀. Mo ti ń gba àjọ láti ìgbà tí àwọn kan nínú yín ò tíì gbọ́njú, mo mọ owó mo mọ èèyàn. Ilé tí mo háyà níjọ́ kìíní ní Ṣágámù, mítà kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń lò. Bàbá kan nínú wa ò gbà láti dá owó iná rárá, ó ní òun kì í sí nílé. Ọjọ́ tí ìjà wá ṣẹlẹ̀ lórí ẹni tó ń fi iná dín àkàrà tà, bàbá yìí fẹ́ sọ̀rọ̀, gbogbo ilé ní kó jókòó, ta ló bá a lójú mítà? Ẹni tó bá dá owó ló lè béèrè ìṣirò.

Hóláǹdì ò san 34 yẹn torí pé wọ́n gọ̀. Wọ́n ra àga sínú yàrá tí Tísà ń sọ yẹn ni.

Lọ́yà Ìmùṣin:
Mọ̀mí Alájọ sọ ọ́ re, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Àwọn tó ń wa potash ní Faransé, iṣẹ́ tí òfin gbà láyè ni wọ́n ń ṣe. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wa góòlù létí odò tiwa ò ní láísẹ́ǹsì kankan. A ò lè dá owó fún arúfin kó má rúfin. Ìyẹn iṣẹ́ ọlọ́pàá àti ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ká dá owó láti máa yẹ omi wò, ká sì jọ gba èsì ẹ̀, ìyẹn ò ní ìtìjú nínú. Ògùn àti Èkó ló ń jìyà jù, ó yẹ kí wọ́n lè sọ fún Ọ̀ṣun pé a máa bá yín gbé lára owó tẹ́ẹ̀sì, àmọ́ a fẹ́ rí èsì lọ́jọ́ kan náà tẹ́yin náà rí i.

Ẹlẹ́ja Olúwo:
Ti tẹ́ẹ̀sì mo gbà. Ti iyọ̀ mi ò gbà láéláé.

Ṣágámù Bọ́ì:
Tísà, ti Ijípítì àti Etiópíà lórí odò Náìlì ńkọ́? Wọ́n ò kúkú jọ ra nǹkan kan.

Tísà Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ìyẹn ló fi hàn pé ọ̀rọ̀ Alájọ ní ìdí. Ní 1959 Ijípítì àti Sùdáànù jókòó, wọ́n pín omi Náìlì láàárín ara wọn, Ijípítì gba 55.5 bílíọ̀nù mítà oníhà mẹ́ta lọ́dún, Sùdáànù gba 18.5, wọn ò pe Etiópíà tí èyí tó pọ̀ jù nínú omi náà ti ń wá sí ìjókòó yẹn. Etiópíà dákẹ́ títí, ó wá bẹ̀rẹ̀ ìdídò tiẹ̀ ní 2011, ó ṣí i ní oṣù kẹsàn-án 2025, kò sì sí àdéhùn tó so ẹnikẹ́ni lórí bí wọ́n á ṣe máa tú omi.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ àpẹẹrẹ rere, ẹ má lọ jìnnà, ẹ lọ sí Sẹ̀nẹ̀gà. Ní 1972, Málì, Mọriténíà àti Sẹ̀nẹ̀gà dá àjọ OMVS sílẹ̀ lórí odò Sẹ̀nẹ̀gà tó la wọn kọjá. Ìdídò Manantali wà lórí ilẹ̀ Málì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti Málì nìkan, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jọ ni ín, wọ́n jọ jẹ gbèsè ẹ̀, wọ́n sì pín iná ẹ̀, Málì 52 nínú ọgọ́rùn-ún iná náà, Sẹ̀nẹ̀gà 33, Mọriténíà 15. Ní 1989 Sẹ̀nẹ̀gà àti Mọriténíà jà, ìjà àgbẹ̀ àti darandaran létí odò yẹn kan náà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, wọ́n pààyàn, wọ́n lé ara wọn lọ sílé, wọ́n gé àjọṣe ìjọba sí ìjọba títí di 1992. Àjọ odò yẹn ò túká. Báwo ló ṣe máa túká, gbèsè wà nílẹ̀.

Alájọ Ìpẹru:
Ẹ ò rí i. Gbèsè!

Ayékòótọ́:
Ó dáa, mo gbọ́. Ta ló wá fẹ́ ya Ògùn àti Ọ̀ṣun lówó kí wọ́n lè jọ jẹ gbèsè 🤷

Ẹlẹ́ja Olúwo:
Mo fẹ́ sọ nǹkan kan, ẹ̀yin ará òkè ẹ má bínú sí mi. Látàárọ̀ lẹ ti ń sọ̀rọ̀ Iléṣà, Iléṣà, Iléṣà. Ṣé ẹ mọ̀ pé àwa l'Ẹ̀pẹ́, ẹ̀yin ni Iléṣà tiwa? Omi ẹ̀gẹ́ tẹ́ ẹ máa ń fún dànù tẹ́ ẹ bá ń ṣe gàrí Ìjẹ̀bú, ibo ló ń ṣàn lọ? Mo ti débi táwọn kan ti ń ṣe é nítòsí odò, wọ́n fi òkúta ńlá tẹ àpò, omi funfun yẹn ń ro, wọ́n la kòtò tóóró fún un, kòtò yẹn lọ tààrà sínú odò kékeré, òórùn ẹ̀ dé títì. Àwọn apẹja wa mọ òórùn yẹn. Tí wọ́n bá ti gbọ́ ọ lórí omi, wọ́n mọ̀ pé ẹja ò ní sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, èyí tó bá sì wà, òkú ni. Ẹ tún wá fi ti àwọn tó ń wa yanrìn kún un, ẹ̀rọ wọn kì í sinmi. Tẹ́ ẹ bá máa kọ̀wé sí Òṣogbo, ẹ jẹ́ kí Ẹ̀pẹ́ náà kọ̀wé sí yín.

Ṣágámù Bọ́ì:
Haaa. Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Alárè, ẹ dá a lóhùn o 😂

Ọmọ Alárè:
Kí ni mo fẹ́ sọ? Kò purọ́. Ìjẹ̀bú ni wá, Ìjẹ̀bú ni Ẹ̀pẹ́, ààlà ìpínlẹ̀ ló wà láàárín wa. Ìyàwó mi gan-an ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni. Mo máa fi ti gàrí sínú lẹ́tà. Tá ò bá fi sí i, ẹni tó bá kà á l'Òṣogbo á kàn bi wá pé ẹ̀yin ńkọ́, ẹnu wa á wọhò.

Tísà Ìjẹ̀bú-Igbó:
Omi ẹ̀gẹ́ yẹn ní oró tí wọ́n ń pè ní sáyánáìdì nínú, ẹja kì í fara dà á. Àmọ́ ti gàrí ò le tó ti góòlù o, ẹ gbẹ́ kòtò jíjìn tó jìnnà sódò fún un, kó jókòó síbẹ̀ kí oòrùn pa á, púpọ̀ nínú ẹ̀ á lọ. Kò gba ìwé àdéhùn. Ìpàdé àwọn ìyá onígàrí kan ti tó.

Ìyá Ìbejì Ìkòròdú:
Ẹ má gbàgbé tiwa náà. Èkó ń mu odò Ògùn o. Ilé iṣẹ́ omi Àdìyàn, mílíọ̀nù 70 gálọ́ọ̀nù lójúmọ́ ni wọ́n ṣe é fún, Àkútè ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n ti ń fa omi ẹ̀. Èkó tó bá ní ọ̀rọ̀ odò ò kan òun, kó lọ wo ibi tí páìpù òun ti ń mumi.

Lọ́yà Ìmùṣin:
Kókó ńlá nìyẹn, ẹ fi sínú lẹ́tà. Tí Èkó bá mọ̀ pé ẹnu òun ló wà nínú ẹ̀, á dìde.

Ọmọ Alárè:
Ó dáa. Ẹ wo bí mo ṣe fẹ́ kọ ọ́. Lẹ́tà kan ṣoṣo, àjọ odò l'Abẹ́òkúta la kọ ọ́ sí, ẹ̀dà á lọ sí ilé iṣẹ́ àyíká Ògùn, Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́ àti Èkó, ti Èkìtì náà á gba ẹ̀dà torí ọ̀rọ̀ Tísà, ẹ̀dà kan á lọ sílé iṣẹ́ ohun àlùmọ́nì l'Àbùjá. Kí gbogbo wọn rí orúkọ ara wọn nísàlẹ̀, kẹ́nì kan má lè sọ pé òun ò mọ̀. Ohun tá a fẹ́: kí wọ́n máa yẹ omi wò lóṣooṣù níbi tó ti ń kúrò ní ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí èkejì, ẹrẹ̀ ẹ̀ àti mẹ́kúrì ẹ̀ àti ti inú ẹja, kí wọ́n lẹ èsì ẹ̀ mọ́ ara ògiri níbi tí ará ọjà á ti rí i, l'Òṣogbo, l'Òkè-Ajé, l'Olúwo, kí wọ́n fún wa ní nọ́ńbà fóònù ẹnì kan tó máa pe àwọn ará ìsàlẹ̀ tí nǹkan bá wọ omi. Kí aṣojú àwọn apẹja sì jókòó nínú ìpàdé náà, kó sọ̀rọ̀, kì í ṣe kí wọ́n kàn pè é wá pàtẹ́wọ́.

Lọ́yà Ìmùṣin:
Ẹ kọ "ní èdè tí ará ọjà gbọ́" sí ti èsì yẹn. Kí wọ́n má lọ fi nọ́ńbà ṣáá lẹ ògiri. Kí wọ́n kọ ọ́ pé ẹ lè jẹ ẹ́ tàbí ẹ má jẹ ẹ́.

Alájọ Ìpẹru:
Ẹ sọ iye tí ẹgbẹ́ ìlú lè dá fún tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́. Bó ti wù kó kéré tó. Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfìfo.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Cologne:
Àwa tá a wà níbí lè dá ti àkọ́kọ́. Tísà, ẹ wá lábù yunifásítì tó lè wo mẹ́kúrì, kẹ́ ẹ bi wọ́n iye tí wọ́n ń gbà lórí sáńpù kan, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n irú ìgò tá a máa bu omi sí, torí kì í ṣe ìgò ragolis ni wọ́n ń lò o.

Tísà Ìjẹ̀bú-Igbó:
Mo mọ ẹnì kan ní lábù, mo máa pè é lọ́la. Ẹja náà á lọ, ẹja àrọ̀ tó tóbi, kì í ṣe ẹ̀pìyà kéékèèké. Ẹni tó bá mú u nínú odò gan-an ni kó gbé e wá o, kí wọ́n má lọ fi ti póńdì gbé wa.

Ayékòótọ́:
Èmi ni mo máa gbé lẹ́tà lọ Abẹ́òkúta. Mo ń lọ síbẹ̀ nítorí iṣẹ́ lọ́jọ́ Wẹsidé. Màá dúró ti akọ̀wé wọn títí á fi lu òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiwa, màá sì ya á sórí fóònù.

Ọmọ Alárè:
Ẹ ṣé gan-an. Ó máa dé ọwọ́ yín kó tó di Túsìdé.

Ẹlẹ́ja Olúwo:
Ẹ fi ti Ẹ̀pẹ́ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lálẹ́ yìí kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Màá gbé e fún ìyálọ́jà kà kó lè fọwọ́ sí i, olórí àwọn apẹja náà á fọwọ́ sí i. Kẹ́ ẹ fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún àwọn tó ń tẹ ìka.